Píkọ́ọ̀pù Tí Richard Fi Sílẹ̀ Ní Kamazou

Kò sí ẹni tó gbé Kamazou ní Kaduna nígbà náà tí kò mọ píkọ́ọ̀pù Richard Ọlọ́runtọ́ba. Píjò 404 ni, funfun báláú, ó sì ti lé lógún ọdún, ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí i tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Sabon Tasha, ẹ ó rò pé àná ni wọ́n gbé e jáde. Iṣẹ́ káfíńtà ni Richard ń ṣe. Pákó ló ń fi ọkọ̀ náà kó, síbẹ̀ kò jẹ́ kó jọ ọkọ̀ pákó. Ní ọjọ́ Sátidé, á gbé àpótí kékeré kan síwájú rẹ̀, á jókòó, á fi àkísà rírọ̀ nu gbogbo irin dídán tó wà lára rẹ̀: bọ́ńpà, gírìlì, ọwọ́ ilẹ̀kùn, òrùka tó yí iná iwájú ká, àti wíìlì-kọ́bà tó bo táyà. Èyí tó máa ń nù kẹ́yìn ni kìnnìún kékeré tó wà níwájú. Òkúta ti ta bà á rí lọ́nà Zaria, ìrù rẹ̀ sì kán. Richard kò ra òmíràn. Ó ní kí wọ́n jó ìrù náà mọ́ ọn padà, ojú ibi tí wọ́n ti jó o sì wú díẹ̀ bí kókó.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù ni Olúsọjí Gbádégẹṣin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Richard dàgbà jù ú lọ. Ará Kàbbà ni Richard. Kaduna ni wọ́n bí Olúsọjí sí, ní Kinkinau, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ránṣọ. Ilé wọn kọjú síra ní Kamazou, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ń lọ. Píkọ́ọ̀pù yẹn ló kó ẹrù Olúsọjí wá nígbà tó gbéyàwó. Òun náà ló gbé Kíkẹ́lọmọ ìyàwó rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tó ń rọbí Tèmidire ọmọ wọn, tí Richard ń fọn fèrè láàárín ọjà kí àwọn èèyàn lè yà fún wọn. Olúsọjí kò gbàgbé nǹkan wọ̀nyí. Ká ní ó gbàgbé ni, ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ì bá má dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1993, ojú Richard bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó ṣẹ́ kù sí i lójú kò ju kó mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́ tàbí pé ilẹ̀ ṣú. Káfíńtà tí kò ríran, kí ni yóò máa fi ayùn ṣe? Agatha ìyàwó rẹ̀, ìyá Lois ọmọbìnrin wọn, tó jẹ́ olùkọ́, wá iṣẹ́ sí ilé ìwé kan ní Kàbbà, wọ́n sì palẹ̀ mọ́. Epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú lásìkò náà. Tírélà tó ń lọ sí Lọ́kọ́ja ló bá wọn kó ẹrù, wọ́n sì fi píkọ́ọ̀pù sílẹ̀.

"Sọjí, mi ò lè gbé e lọ báyìí," ni Richard wí. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí ibi tó ti gbọ́ mímí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Bá mi tọ́jú ẹ̀. Máa tẹná sí i lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, má jẹ̀ẹ́ kí òjò pa á. Tí o bá ní nǹkan láti kó, fi kó o."

Olúsọjí gba kọ́kọ́rọ́ náà tọwọ́tẹsẹ̀. "Bọ̀dá Richard, bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lẹ máa bá a."

Ó sì tọ́jú rẹ̀ ní tòótọ́, fún bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà ló wá gbé e lọ síbi iṣẹ́.

Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Kakuri ni Olúsọjí ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ń kó òwú pamọ́ sí. Ọ̀gá rẹ̀ ni Alhaji Jàmàlúdéènì, èèyàn jẹ́jẹ́ tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ju oúnjẹ lọ. Òun náà jogún píkọ́ọ̀pù 404 kan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó sì ti ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tó rí èyí tí Olúsọjí gbé wá, ó yí i ká, ó tún un yí ká, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ ra wíìlì-kọ́bà.

"Ta ló ni èyí?"

"Èmi ni, ọ̀gá," ni Olúsọjí wí.

Kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bóyá ohun tó fẹ́ sọ ni pé òun lòún ń lò ó. Ṣùgbọ́n kò tún un sọ, nígbà tó sì di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ti pẹ́ jù láti tún un sọ.

Jàmàlúdéènì ní òun ti wá irú wíìlì-kọ́bà yẹn káàkiri Kaduna, òun ò rí i. Kò tọrọ rẹ̀ o. Ó kàn wò ó, ó sì wọlé lọ. Olúsọjí ni kò lè sùn dáadáa. Àwọn tó ń retí ipò fọ́máànù lọ́dún yẹn pọ̀, àwọn kan sì ti pẹ́ níbẹ̀ jù ú lọ. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó fi ìwé ìròyìn wé àwọn wíìlì-kọ́bà náà, ó kó wọn lọ fún ọ̀gá rẹ̀. Inú ọ̀gá dùn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbọn ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Olúsọjí yọ gírìlì lọ fún un, tòun ti kìnnìún. Bọ́ńpà ló tẹ̀ lé e. Jàmàlúdéènì tilẹ̀ bi í pé kí ni yóò wá kù lára ọkọ̀ tirẹ̀. Olúsọjí ní òun ò lò ó mọ́.

Ó di fọ́máànù. Kò mọ̀ dòní bóyá nítorí irin wọ̀nyẹn ni, tàbí nítorí pé ó mọ iṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ba ìyẹn jẹ́ mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́, torí nígbàkúùgbà tí wọ́n bá pè é ní fọ́máànù, píkọ́ọ̀pù ló máa ń rí.

Píkọ́ọ̀pù náà wá dà bí àgbàlagbà tí wọ́n ti yọ léyín. Kò fẹ́ kí ó máa kọjú sí òun láràárọ̀, ló bá tì í lọ sẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi máńgòrò. Ọkọ̀ tí ojú olówó rẹ̀ kò sí lára rẹ̀, tọwọ́ tẹsẹ̀ ni ayé ń fi tú u. Ẹnì kan yọ dígí ẹ̀gbẹ́. Ẹnì kan yọ ọwọ́ ilẹ̀kùn. Òjò mu rọ́bà ojú fèrèsé títí ó fi là. Olúsọjí ń rí i, kò wí nǹkan kan. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bá aládùúgbò jà lórí ohun tí òun alára ti kọ́kọ́ jí?

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí di ọdún 1996, nígbà tí Folúṣadé, obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, lọ síbi ìsìnkú kan ní Kàbbà. Nígbà tó dé, ó dá Olúsọjí dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Bàbá Lois ní kí n kí yín púpọ̀. Wọ́n ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀ kí dókítà tún ojú wọn wò. Wọ́n ní àwọn máa gbé ọkọ̀ àwọn padà. Ìyá Lois ló máa wà á."

"Ọlọ́run á mú wọn dé láyọ̀," ni Olúsọjí wí.

Kíkẹ́lọmọ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní, "Bàbá Tèmidire, ẹ lọ bá ọ̀gá yín. Ẹ ní kó jọ̀ọ́, kó dá nǹkan onínǹkan padà."

"Kí n wí fún un pé mo purọ́?"

"Ṣé ẹ ò purọ́ ni?"

Lọ́jọ́ kejì, Olúsọjí wá ẹni tó fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ píkọ́ọ̀pù náà dé Badarawa, sọ́dọ̀ Yísà, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Kaduna, tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe. Àwọn méjèèjì jọ lọ sí Panteka, wọ́n rìn láàárín òkìtì irin àlòkù títí ẹsẹ̀ fi ń ro wọ́n. Gbogbo ohun tí wọ́n bá fọwọ́ kàn, ti ọkọ̀ mìíràn ni.

"Ẹ̀gbọ́n, nǹkan 404 ti tán lọ́jà," ni Yísà wí. "Tò, mo lè wá nǹkan lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ọkọ̀ ẹ̀ á mọ̀."

"Kò ní mọ̀."

"Kí ló dé?"

"Ẹni tó ni ín ò ríran mọ́."

Yísà wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Wàláì, ẹ ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀. A ti ń da ara wa láàmú lásán." Ó gbá a léjìká bí ìgbà tí èèyàn méjì bá jọ gbọ́n ọgbọ́n kan. Olúsọjí náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tí ara rẹ̀ fi tutù, bí ẹni tó jẹ ohun tó ti kan, tí kò mọ̀ àfìgbà tó gbé e mì.

Yísà ṣiṣẹ́. Ó mú mẹkáníìkì wá tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe. Ó gé bọ́ńpà ọkọ̀ mìíràn lórí lẹ́sẹ̀, ó fi ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà kùn ún. Ó tẹ irin pẹlẹbẹ, ó fi ṣe gírìlì. Dígí ọkọ̀ Datsun ló dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún kò jọ tòsì. Wíìlì-kọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, oríṣi méjì. Ó fi pọ́tì dí gbogbo ibi tó ti tẹ̀ wọnú, títí kan ojú ilẹ̀kùn òsì, níbi tí Richard ti fi gbá géètì ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ó wá fi ọ̀dà funfun fín in. Ó gbìyànjú láti gé kìnnìún kan lára páànù, ṣùgbọ́n ohun tó jáde jọ ajá. Olúsọjí ní kó fi í sílẹ̀.

Láti òkèèrè, ọkọ̀ náà mọ́. Kíkẹ́lọmọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó.

"Ó mọ́," ló wí. "Kì í ṣe ti Bọ̀dá Richard ṣá."

Ọ̀sán ọjọ́rú kan ni wọ́n dé. Richard ti gbẹ díẹ̀, ó fi awò dúdú sójú, Agatha sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Olúsọjí dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Richard kò rí i, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó wá orí rẹ̀ rí, ó fi ọwọ́ pa á.

"Dìde, Sọjí. Ojú mi ló lọ, mi ò tíì di ọba." Ó rẹ́rìn-ín. Àwọn aládùúgbò ti ń jáde wá kí wọn. Kíkẹ́lọmọ gbé omi wá, Richard ní kò tíì yá. "Mú mi dé ìdí ọkọ̀ mi ná."

Ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ń bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ó sì ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń bọ̀, bí ẹni tó ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré. Nígbà tó dé ojú ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ lọ, ó bọ̀.

"Ibi tí mo fi gbá géètì dà?"

"Mo ní kí wọ́n dí i, sà."

"O ṣe é," ni Richard wí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tún padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó kọjá. Ó dé iwájú. Ó gbé ọwọ́ lé bọ́ńpà, ó sì dákẹ́. Ó fi èékánná ha á. Ọ̀dà bó sí i léèékánná, ó fi àtàǹpàkò rún un. Ó fọwọ́ lọ sí gírìlì, ó wá ojú ibi kan láàárín, ó wá a títí.

"Sọjí, kìnnìún dà?"

Gbogbo àwọn tó dúró síbẹ̀ ń wo ọkọ̀ náà. Agatha nìkan ni kò wò ó. Ojú Olúsọjí ló ń wò.

"Olè ni, Bọ̀dá Richard," ló wí. "Wọ́n kó bọ́ńpà, wọ́n kó gírìlì, gbogbo ẹ̀. Ojú ló tì mí tí mi ò ránṣẹ́ sí yín."

Nínú gbogbo ohun tó sọ, ìyẹn tó kẹ́yìn nìkan ló jẹ́ òtítọ́.

Richard nàró. Ó na ọwọ́ títí ó fi rí èjìká Olúsọjí. "Ìyẹn lo ṣe ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀? Ẹni tí wọ́n jà lólè kọ́ ló jẹ̀bi. O tún wá fi ọwọ́ ara ẹ tún un ṣe." Ó ṣí fìlà, ó gbàdúrà fún un níbẹ̀, lójú gbogbo àdúgbò: pé bí ó ṣe ṣọ́ nǹkan ẹnìkejì rẹ̀, kí Ọlọ́run máa ṣọ́ tirẹ̀, pé kí ọmọ rẹ̀ má ṣe rìn nínú òkùnkùn. Àwọn èèyàn ń ṣe àmín, àmín náà sì ń bọ́ lé Olúsọjí lórí bí òkò. Kíkẹ́lọmọ gbé omi rẹ̀, ó wọlé. Kò ṣe àmín kankan.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní kò sí ohun tó kù tí àwọn lè ṣe. Richard kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìyẹn. Ó jọ pé ó ti mọ̀ kó tó kúrò nílé. Ohun tó sọ ni pé òun kò lè wá sí Kaduna kí òun má kí Alhaji Jàmàlúdéènì. Richard ló ń kan pákó tí wọ́n ń to òwú lé nílé iṣẹ́ wọn nígbà tó ṣì ń ríran; ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ló máa ń gbé e lọ síbẹ̀, tí ọ̀gá kò fi rí píkọ́ọ̀pù rẹ̀ rí, ọ̀gá náà sì ti wá kí i nílé ìwòsàn nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un.

Olúsọjí yára dá sí i. "Ọwọ́ ọ̀gá máa ń dí, sà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín kí i."

"Ṣé kíkí náà la ó tún máa fi rán ara wa? Ìwọ lo máa mú mi lọ. Ìyá Lois fẹ́ bá ìyàwó ẹ ṣe oúnjẹ."

Lẹ́yìn ìrun ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n wọkọ̀ lọ sílé ọ̀gá ní Ungwan Rimi. Láti ibi tí ọkọ̀ já wọn sí, Richard gbé ọwọ́ lé èjìká Olúsọjí, wọ́n ń rìn. Ní gbogbo ọ̀nà, Olúsọjí ń bẹ Ọlọ́run kí ọ̀gá má sí nílé. Àdúrà olè nìyẹn, kò sì gbà. Jàmàlúdéènì jókòó lábẹ́ igi dóńgóyárò nínú ọgbà rẹ̀. Bó ṣe rí wọn ló dìde.

"Richard. Sannu, sannu da zuwa." Ó kí i káàbọ̀, ó gbá a mọ́ra. Ó ní kí wọ́n gbé àga wá, ó béèrè ojú, ó béèrè ilé, ó béèrè àwọn ọmọ. Èdè Hausa ni gbogbo wọn ń sọ, Hausa Richard sì já geere bí ti onílé. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá náà rántí ohun kan, ojú rẹ̀ sì tàn.

"Ìwọ tó fẹ́ràn 404 yìí, wá kí tèmi. Mo ti parí ẹ̀."

Ilẹ̀ kò lanu, Olúsọjí ì bá wọ inú rẹ̀. Jàmàlúdéènì fúnra rẹ̀ ló di Richard lọ́wọ́ mú, ó mú un dé iwájú ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé bọ́ńpà.

Irin náà tutù, ó sì ń yọ̀. Ní àkọ́kọ́, inú Richard dùn, ó hàn lójú rẹ̀. Ó ra á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gòkè sí gírìlì, ó ń ka irin rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni àtàǹpàkò rẹ̀ dé orí kìnnìún, ó sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ó dé ìrù. Ó dúró síbẹ̀. Ó lọ, ó bọ̀, lórí kókó kékeré kan tí kò tóbi ju orí ẹṣinṣin lọ.

"Olúsọjí ló fún mi," ni Jàmàlúdéènì ń wí, ayọ̀ kún ohùn rẹ̀. "Lára èyí tó jẹ́ tirẹ̀ ló ti yọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Mo ti wá a káàkiri. Èèyàn dáadáa ni."

Ọwọ́ Richard ṣì wà níbẹ̀. Kò yí orí sí ibi tí Olúsọjí dúró sí.

"Ya yi kyau, Alhaji," ló wí. Ó dára. "Ó yẹ ọkọ̀ yín gan-an."

Wọ́n padà jókòó. Wọ́n gbé fúrá wá, ó mu tirẹ̀ tán. Ó bi ọ̀gá léèrè iṣẹ́, ó gbọ́ bí ọjà aṣọ kò ṣe tà mọ́, ó bá a kẹ́dùn. Nígbà tó ṣe, Richard dìde, ó dágbére, ó sì na ọwọ́ síwájú. Olúsọjí lọ gbé èjìká rẹ̀ sábẹ́ ọwọ́ náà.

Wọ́n rìn jáde. Wọ́n ti jìnnà díẹ̀ sí ilé kí Richard tó sọ̀rọ̀.

"O ní olè ni."

"Mo wí bẹ́ẹ̀, sà."

"Ta lolè náà?"

"Èmi ni."

Ọkọ̀ ń kọjá. Eruku ń bò wọ́n. "Ṣé ebi ń pa ọ́ ni?" ni Richard bi í. "Ṣé Tèmidire ń ṣàìsàn?"

"Rárá, sà. Mo fẹ́ kí ọ̀gá fẹ́ràn mi ni. Mo fẹ́ di fọ́máànù."

Ì bá sàn kó jẹ́ pé ebi ni. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tó sì ti la ẹnu, kò lè pa á dé mọ́. "Bọ̀dá Richard, nígbà tí mo gbọ́ pé ẹ ń bọ̀, mo lè lọ gbà á padà. Ojú tì mí. Mo wá sọ fún ẹni tó tún un ṣe pé kó fi ohunkóhun sí i. Mo ní ẹ ò ríran mọ́, pé ẹ ò ní mọ̀."

Richard dúró. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí èjìká rẹ̀.

Ó dúró lẹ́bàá títì bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ojú rẹ̀ kọ sí ibi tí kò sí ẹnì kankan. Alùpùpù kan sáré kọjá nítòsí, Richard yà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbá òkúta. Olúsọjí fẹ́ dì í mú, kò gbójú. Wọ́n dúró títí. Nígbẹ̀yìn, Richard na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn tí yóò gbà délé. Olúsọjí sún mọ́ ọn, ó bẹ èjìká sílẹ̀ fún un. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi dé Kamazou.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Olúsọjí padà lọ sí Ungwan Rimi. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ nínú ọgbà, ohun tí kì í ṣe àṣà ilé náà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Kò kọ́kọ́ yé Jàmàlúdéènì.

"Ọkọ̀ Richard? Richard tó jókòó síbí lánàá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

"Ó fọwọ́ kàn án, ó sì mọ̀?"

"Ó mọ̀."

Ọ̀gá náà jókòó. "O jẹ́ kí n fi nǹkan afọ́jú yangàn lójú afọ́jú," ló wí. Kò pariwo. Ó lọ mú sípánà rẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ tòun ti jálàbíà funfun rẹ̀. Nígbà tí Olúsọjí fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó ní kó dúró síbi tó wà. Ó tú gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó àwọn kékeré sínú àpò, ó gbé bọ́ńpà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Olúsọjí kí i pé ó dàbọ̀, kò dáhùn.

Ọjọ́ náà gan-an ni Yísà wá sí Kamazou wá dè wọ́n padà. Richard jókòó sórí àga nítòsí, ó ń gbọ́ bí irin ṣe ń wọ irin. Yísà, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, kò sọ̀rọ̀. Ó kí Richard nígbà tó dé, nígbà tó sì ṣe díẹ̀, ó tún un kí, bí ẹni tó gbàgbé. Bọ́ńpà wọlé, gírìlì wọlé. Pọ́tì tó wà lójú ilẹ̀kùn òsì ni kò ṣe é mú kúrò. Yísà ní àfi kí òun fi òòlù lù ú. Richard ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, Agatha jókòó sídìí ọkọ̀. Nígbà tí Olúsọjí wá dágbére lójú fèrèsé, ó sọ ọ́ fún un jẹ́jẹ́.

"Bàbá Tèmi, láti ọjọ́rú ni mo ti mọ̀. Ẹ ò mọ irọ́ pa. Mo rò pé ẹ máa sọ ọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú."

Richard bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "A dúpẹ́ o," ló wí. Wọ́n lọ.

Jàmàlúdéènì kò gba ipò fọ́máànù lọ́wọ́ rẹ̀. Olúsọjí tilẹ̀ ti ń retí rẹ̀, ì bá sì ti sàn fún un. Ọ̀gá kàn ń bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́, tí iṣẹ́ bá tán, ọ̀rọ̀ tán.

Ní oṣù Kejìlá, wọ́n gbọ́ pé Lois ń ṣègbéyàwó ní Kàbbà, wọ́n sì ránṣẹ́ pè wọ́n. Olúsọjí ní kí Kíkẹ́lọmọ nìkan lọ. Kíkẹ́lọmọ ní ẹsẹ̀ méjèèjì tó gbé e lọ sí Ungwan Rimi yóò gbé e dé Kàbbà. Wọ́n jọ lọ.

Èrò pọ̀ nínú ọgbà nígbà tí wọ́n dé. Richard jókòó lábẹ́ àtíbàbà nínú agbádá tuntun, àwọn èèyàn ń wá kí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Olúsọjí dúró lẹ́yìn wọn títí ó fi kàn án. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bọ̀dá Richard. Sọjí."

"Ẹ kú ìrìn o," ni Richard wí. "Ṣé wọ́n ti fún yín lóúnjẹ?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, Richard kò pè é ní ẹ̀yin rí. Bóyá nítorí pé Kíkẹ́lọmọ kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tó sì gbọ́ ìró aṣọ rẹ̀, ni. Bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́. Olúsọjí kò lè béèrè.

"Wọ́n ti fún wa, sà," ló dáhùn.

Kò sẹ́ni tó tíì fún wọn ní nǹkan kan. Ó dìde, ó lọ wá àga sí ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí àwọn tí wọn kò mọ̀ jókòó sí. Nígbà tó pẹ́, Agatha gbé àwo ìrẹsì méjì wá fún wọn fúnra rẹ̀, ó kí wọn, ó sì yára lọ, nítorí èrò ń pè é. Kíkẹ́lọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Olúsọjí gbé àwo tirẹ̀ lé orúnkún, ó tẹrí ba, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.